Ìbàdàn sí Adó-Èkìtì pẹ̀lú Hilux dísù: iná dáṣíbọọ̀dù àti mọ́tò tí ò fà mọ́

Ọjọ́ Ajé, Ìbàdàn

Àárọ̀ ọ̀la la máa gbéra, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Oúnjẹ adìẹ la fẹ́ gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń sin adìẹ ní Adó-Èkìtì, àpò 36, kílò 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò ẹ̀, 900 kílò nìyẹn lẹ́yìn Hilux ká má tíì ka èmi àti òun mọ́ ọn. Dísù ni mọ́tò náà ń mu, ẹ́ńjìn 3.0 D-4D tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 1KD, ó ní tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìn, ihò tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló ń gba atẹ́gùn sórí intercooler tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù. Mo máa ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ìrìn àjò ẹ̀, bó ṣe ń lọ àti nọ́ńbà tó ń gbé jáde.

Kí wọ́n tó di ẹrù, mo yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, mo wá ń wo dáṣíbọọ̀dù. Gbogbo iná ló yẹ kó tàn nígbà yẹn: ọ́ìlì, bátìrì, ṣẹ́kì ẹ́ńjìn, iná oníwáyà rírọ́ tó ń sọ pé glow plug, irin kékeré tó ń mú inú ẹ́ńjìn gbóná kó lè dìde, ń ṣiṣẹ́, iná fíítà dísù. Tí ẹ́ńjìn bá ti dìde, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa ṣe eléyìí pàápàá tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, torí àwọn kan tó ń tà á máa ń yọ gílóòbù ṣẹ́kì ẹ́ńjìn tàbí kí wọ́n lẹ nǹkan dúdú mọ́ ọn lójú, tí iná yẹn ò bá ti tàn rárá nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó. Ohun míì tí mo kọ́ àbúrò mi ni àwọ̀. Iná pupa, bíi ti ọ́ìlì tàbí ooru ẹ́ńjìn, ibi tó bá ti tàn ni kó ti wá ẹ̀gbẹ́ títì kó sì pa ẹ́ńjìn, kò gbọdọ̀ sọ pé òun fẹ́ dé ìlú tó kàn. Iná yẹ́lò, ó lè máa rọra lọ kó fi wá ibi tó dáa tó máa dúró sí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbójú fò ó.

Mo tún ki síkánà kékeré bọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ sítíríngì, èyí tó ní ihò 16 yẹn, ó ń fi Bluetooth bá fóònù mi sọ̀rọ̀. Kò sí kóòdù kankan, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ pé nǹkan bàjẹ́. Mo kọ nọ́ńbà ara yíyá ẹ̀ sílẹ̀: tí ẹ́ńjìn bá wà ní pípa, MAP, ìyẹn pírẹ́ṣọ̀ atẹ́gùn tó ń wọnú ẹ́ńjìn, jẹ́ 98 kPa, tí ẹ́ńjìn bá ń ṣiṣẹ́ láì tẹ tọ́tù, pírẹ́ṣọ̀ dísù inú réèlì, páìpù tó ń pín dísù fún àwọn nósù tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìn, wà ní 33,000 kPa, ó dúró síbẹ̀ gbọin. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tí mo bá tẹ ẹ́ dáadáa lórí òkè, MAP máa ń kọjá 200. Tí èèyàn ò bá mọ nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀ nígbà tára ẹ̀ yá, kí ló fẹ́ fi wé nígbà tó bá ń ṣàìsàn?

Ìrọ̀lẹ́ la lọ ra dísù kún táǹkì. Ilé epo kan tó wà lọ́nà ilé wa ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìbàdàn sí Iléṣà

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la jáde. A kọjá Aṣéjìre láìsí wàhálà, mọ́tò ń fà, ẹrù wúwo lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára. A kọjá Ìkirè tán ni iná fíítà dísù bá tàn, aago kékeré inú dáṣíbọọ̀dù ń dún. Iná yìí ò túmọ̀ sí pé epo fẹ́ tán o, ó túmọ̀ sí pé omi ti kó jọ sí ìdí fíítà débi pé sẹ́ńsọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ti rí i. Mo rọra wá ibi tó tẹ́jú lẹ́yìn Gbọ̀ngán, a gbé C-caution sẹ́yìn, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n ṣe ń tú omi yẹn nìyí, kò le rárá. Ìdérí oníyíyí kékeré kan wà ní ìdí fíítà tí ọwọ́ lásán lè tú, ẹ fi ike omi sábẹ́ ẹ̀, ẹ tú u díẹ̀, ẹ wá máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fíítà. Ike tó mọ́ tó funfun ni mo lò kí n lè rí ohun tó ń jáde. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe dísù rárá, omi tó ní àwọ̀ ìpẹtà ni, ó kún tó ìka mẹ́ta nínú ike kí dísù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, dísù wá léfòó sórí ẹ̀, ìlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì hàn kedere. Àbúrò mi gbé e sókè sójú oòrùn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo omi yìí la ra lánàá?" Mo ní kó dé e, kó má dà á nù.

Ọ̀rọ̀ omi nínú dísù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹ́ńjìn ayé ìsinsìnyí. Àwọn lọ́rí àtijọ́ lè gbé e mì kí wọ́n wúkọ́ díẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ, ṣùgbọ́n common rail yìí, pírẹ́ṣọ̀ réèlì ẹ̀ lè dé 160,000 kPa, dísù fúnra ẹ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì fún pọ́ǹpù àti nósù, kò sí ọ́ìlì míì níbẹ̀. Omi ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Irin á máa ha irin, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀, ẹnu nósù tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ á sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kí èèyàn máa wa mọ́tò lọ nígbà tí iná yẹn bá ṣì ń tàn.

Iná kú, a tún gbéra. Ara mi ò tíì balẹ̀. Òótọ́ ni, a kọjá Ilé-Ifẹ̀ tán tí mo fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, mo tẹ tọ́tù, mọ́tò ò fà. Ó kàn dà bíi pé ẹnìkan dì í mú lẹ́yìn, mo padà sẹ́yìn tírélà, iná ṣẹ́kì ẹ́ńjìn bá tàn. Mo ní kí àbúrò mi wo èéfín nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ní kò sí èéfín kankan. Ìdáhùn yẹn gan-an ló kọ́kọ́ là mí lójú, torí ohun mẹ́ta ló sábà máa ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìn dísù: dísù ò tó, atẹ́gùn ò tó, tàbí èéfín ò ríbi jáde. Tí dísù bá ń wọlé dáadáa tí atẹ́gùn ò sì tó, èéfín dúdú á máa tú jáde. Tí dísù fúnra ẹ̀ ni ò tó, mọ́tò á kàn rọ̀ ni, èéfín ò ní sí. Èéfín funfun máa ń jẹ́ dísù tí ò jóná, tàbí omi rédíétọ̀ tó ń wọlé, búlúù ni ti ọ́ìlì.

Mo dúró, mo ka kóòdù. P0087, pírẹ́ṣọ̀ réèlì ti lọ sílẹ̀ jù. Kí ẹ tó pa kóòdù rẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wo freeze frame, fọ́tò nọ́ńbà ni, bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìn, máa ń ya á ní ìṣẹ́jú tí nǹkan bàjẹ́. Tiwa sọ pé ẹ́ńjìn ń yí ní ìgbà 2,600 ní ìṣẹ́jú kan, eré 78, ẹrù orí ẹ́ńjìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìyẹn ni pé ìgbà tó nílò dísù púpọ̀ ni kò rí i. Mo fi fóònù sójú live data, ìyẹn nọ́ńbà bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, mo ní kí àbúrò mi wà á, èmi ń wò ó: tí kò bá tẹ ẹ́, 33,000 ni, ó dúró. Tó bá tẹ ẹ́, dípò kó gòkè, á gòkè díẹ̀ lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ sí 40,000 àti díẹ̀.

Wọ́n á ti sọ fún yín pé nósù ni. Níbí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí, torí iná ṣẹ́kì ẹ́ńjìn kì í sọ pé pátì báyìí ló bàjẹ́, nọ́ńbà kan ni bíréènì bọ́ọ̀sì rí tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọwọ́ wa ló kù sí láti wá ìdí ẹ̀. P0087 lè jẹ́ fíítà tó dí, ó lè jẹ́ SCV, ìyẹn fáàfù ara pọ́ǹpù tó ń pín iye dísù tó ń wọlé, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù fúnra ẹ̀, ó sì lè jẹ́ nósù tó ń dá dísù padà jù. Tó bá jẹ́ nósù tó ń dá dísù padà, mọ́tò á máa ṣòro láti sítáàtì nígbà tó bá gbóná, ẹ́ńjìn á sì máa gbọ̀n. Tiwa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ SCV ló ń lẹ̀, nọ́ńbà réèlì á máa lọ sókè sódò nígbà tí ẹ ò tẹ nǹkan kan. Tiwa dúró gbọin. Ohun tó kù tó sì rọ̀ lówó jù lọ ni fíítà, fíítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi sì nìyẹn.

A rọra wọ Iléṣà, eré 50, 60, mi ò fi dandan mú un. Bàbá mẹkáníìkì kan tí ẹ̀gbọ́n wa máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ló gbà wá. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan gbọ́ pé mọ́tò ò fà, ó ní "Ọ̀gá, nósù ti lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká tú u." Bàbá ní kó lọ gbé sípánà fíítà wá. Mo fi nọ́ńbà inú fóònù han bàbá, wọ́n wò ó, wọ́n ní "Ọmọ mi, tó bá ti ń dúró báyìí nígbà tí ẹ ò tẹ ẹ́, nósù kọ́." Inú mi dùn gan-an.

Wọ́n tú fíítà, wọ́n fi ayùn gé e sí méjì lójú wa. Bébà inú ẹ̀ ti wú, ó ti di alámọ̀, nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó láti ìsàlẹ̀ dé àárín, dísù ò lè gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀, wọ́n da gbogbo dísù inú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, omi wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà. A fọ táǹkì, a fi dísù tuntun tí bàbá ní lọ́wọ́ sí i, a fi fíítà tuntun. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ títí pọ́ǹpù ọwọ́ fi le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ní tí èèyàn bá ń sítáàtì lásán láti fa dísù wá, ńṣe ló ń jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Ó sítáàtì lẹ́ẹ̀kan. A wà á jáde sójú títì, mo tẹ ẹ́, réèlì gòkè kọjá 100,000 ó sì dúró.

Ilẹ̀ ti ṣú, a sun Iléṣà.

Ọjọ́rú, Iléṣà sí Adó-Èkìtì

Ojú ọ̀nà tó lọ sí Èkìtì gba Ìwáràjà, ẹ ó ya kúrò lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ ó wá máa gòkè lọ sí ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmirìn ti ń ṣàn látorí àpáta. Ibẹ̀ dára lójú. Òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló tẹ̀ lé e, gbogbo ẹni tó bá ń gbé ẹrù gba ọ̀nà yẹn mọ̀ ọ́n, ó ga, ó sì ń yí kọ́rọkọ̀rọ.

Láti Iléṣà dé ibẹ̀ mọ́tò ń lọ dáadáa, mo ti ń rò pé ó parí. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, gíà kẹta, mo tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sí nǹkan, mo wọ gíà kejì, ó ń wọ́ bọ̀. Àbúrò mi ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wẹ̀yìn!" Èéfín dúdú kíríkírí, mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ti tan iná nínú ẹ̀. Ṣẹ́kì ẹ́ńjìn tún tàn, agbára bá tún já wálẹ̀ sí i, ìyẹn bíréènì bọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ ló dín dísù kù láti dáàbò bo ẹ́ńjìn. Mo wá ibi tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a fi òkúta sídìí táyà, C-caution tún jáde.

Ẹni tó bá wà ńbẹ̀ lè sọ pé wàhálà àná ni ò tíì tán. Rárá o. Àná kò sí èéfín, òní dúdú ló ń tú. Àná dísù ò tó, òní dísù wà ńbẹ̀ gan-an, atẹ́gùn ni ò tó. Kóòdù náà sì bá a mu, P0299, tọ́bò ò gbé pírẹ́ṣọ̀ tó yẹ wá. Freeze frame: ẹ́ńjìn 2,300, eré 41, MAP 112. A máa ń rí 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òkè, 112 yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí tọ́bò lára ẹ́ńjìn rárá.

Ẹnikẹ́ni tó bá rí P0299 lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni "tọ́bò ti kú", tọ́bò sì wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jù. Ṣé sẹ́ńsọ̀ MAP ń parọ́ ni? Mo pa ẹ́ńjìn, mo yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, ó ka 95. Ní Ìbàdàn 98 ni, ibi tó ga ni Ẹ̀fọ̀n, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà 95 bójú mu, sẹ́ńsọ̀ ò parọ́. Ṣé fíítà atẹ́gùn ló dí? Mo ṣí i, eruku díẹ̀ wà ńbẹ̀, kò tó ohun tó lè fa irú èyí. Nọ́ńbà kejì tí mo ti rí nígbà tí a ń gòkè ló wá sọ ọ̀rọ̀ di kedere. Sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn atẹ́gùn bó ṣe ń kúrò lára fíítà ka bíi gíráàmù 85 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà kan náà tí MAP wà ní 112. Àwọn méjèèjì ò lè jọ jẹ́ òótọ́ nínú ẹ́ńjìn tó dì, torí pírẹ́ṣọ̀ 112 ò lè fi atẹ́gùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sínú ẹ́ńjìn lítà mẹ́ta ní 2,300. Ìyẹn ni pé atẹ́gùn wọlé, wọ́n wọ̀n ọ́n, tọ́bò tì í, ó wá sá lọ lójú ọ̀nà kó tó dénú ẹ́ńjìn. Ká ní fíítà ló dí ni, MAF náà ì bá lọ sílẹ̀. Ìdí èéfín dúdú náà nìyẹn: bíréènì bọ́ọ̀sì ń fi dísù sí i fún atẹ́gùn tó ti sá lọ.

Nítorí náà ọ̀nà láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìn ló kù láti wò. Mo ní kí àbúrò mi jókòó sídìí sítíríngì kó máa tẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, èmi ń fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan gidi, torí mọ́tò tó dúró lójú kan kì í jẹ́ kí tọ́bò tì tó bó ṣe ń tì lórí òkè. Mo pa ẹ́ńjìn, mo jẹ́ kó tutù, mo wá ń fi ọwọ́ wá a kiri. Ọ́ìlì díẹ̀ máa ń bá atẹ́gùn tọ́bò rìn, ibi tí atẹ́gùn bá ti ń jò, ọ́ìlì á rin ibẹ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí i lára họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti intercooler wá sẹ́nu ẹ́ńjìn, abẹ́ ẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù, ó dúdú ó sì tutù lọ́wọ́. Bí mo ṣe fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ báyìí ló lanu bí ẹnu ẹja, mo sì jọ̀wọ́ ẹ̀ ó tún pa dé, ojú ò lè rí i mọ́. Ohun tó fà á nìyẹn tí kò fi hàn lójú pẹrẹsẹ. Níbi tí tọ́bò ò bá ti tì púpọ̀, ẹnu yẹn á wà ní pípadé, tí a bá dórí òkè pẹ̀lú 900 kílò, pírẹ́ṣọ̀ á là á gbàù. Rọ́bà ti gbó ni, ooru ẹ́ńjìn lójoojúmọ́ àti ọ́ìlì ló jẹ ẹ́.

Àwọn tó ń lo ọ̀dà tàbí sẹlotéèpù nírú ibi báyìí ń fi àkókò wọn ṣòfò, kò ní pẹ́ já. Tíúbù inú táyà la lò, mo máa ń gbé e rìn. A tú họ́ọ̀sì jáde, a fi bẹntíróòlù díẹ̀ fọ ọ́ títí ọ́ìlì fi kúrò lára ẹ̀, a gé tíúbù sí ọ̀já tó fẹ̀ tó ìka méjì, a fà á gbọn-ingbọn-in, a ń yí i mọ́ họ́ọ̀sì, ìyíkà kọ̀ọ̀kan ń bo ìdajì èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, a ṣe é nípele nípele, a wá fi kílíìpù méjì dè é lórí lọ́tùn-ún lósì ibi tó ya. Àbúrò mi ló fà á, ọwọ́ ẹ̀ le ju tèmi lọ. Mo yí kọ́kọ́rọ́ pa mo tún ṣí i kí bíréènì bọ́ọ̀sì lè dá agbára padà, kóòdù wà nínú ìwé mi tẹ́lẹ̀ kí n tó pa á rẹ́.

A tún gbéra. Mi ò fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ ẹ́, mo fẹ́ kí tíúbù yẹn gbé wa délé. MAP dé 170, kò sí èéfín, a gun òkè tán ní gíà kẹta. Arámọ̀kọ, Ìgèdè, Ìyìn, a wọ Adó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n wa ti se iyán dè wá, wọ́n ní "Ẹ kú ewu o, ojú yín ti wọ̀," wọn ò tiẹ̀ béèrè oúnjẹ adìẹ títí a fi jẹun tán.

Ọjọ́bọ̀, Adó-Èkìtì

A já ẹrù láàárọ̀. Lẹ́yìn náà mo wá họ́ọ̀sì lọ. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ ta họ́ọ̀sì rédíétọ̀ tó bá a mu ní fífẹ̀ fún mi, mi ò gbà. Wọn ò ṣe ti rédíétọ̀ fún atẹ́gùn tọ́bò, ọ́ìlì inú ẹ̀ á sì jẹ ẹ́ bó bá yá. Mo rí ojúlówó lọ́wọ́ ẹlòmíì, mo ra kílíìpù tuntun mọ́ ọn.

Rìwáyà kan níbẹ̀ ní síkánà ńlá tó lè ka ohun tí tèmi ò lè kà, mo ní kó bá mi wo injection feedback àwọn nósù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti ba nǹkan jẹ́. Nọ́ńbà yìí ń sọ iye dísù tí bíréènì bọ́ọ̀sì ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò fún nósù kọ̀ọ̀kan kí ẹ́ńjìn lè dọ́gba. Láàárín −3 sí +3 ló yẹ kó wà nígbà tí ẹ́ńjìn bá gbóná tí ẹ ò tẹ ẹ́. Tiwa: 0.8, −1.1, 0.4, −0.3. Ọlọ́run ṣeun. Ká ní wọ́n ti tú àwọn nósù yẹn ní Iléṣà ni, owó tí ò nídìí ì bá ti lọ, eruku ì bá sì ti wọ ibi tí ò yẹ kó wọ̀.

Rìwáyà tú sẹ́ńsọ̀ MAP, dúdú èéfín ti bo imú ẹ̀ díẹ̀, ó fi ohun ìfọ̀ sẹ́ńsọ̀ fọ̀ ọ́, kò fi ìgbálẹ̀ tàbí okùn irin há a, mo fẹ́ràn bó ṣe fara balẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi irin dí EGR pa, ìyẹn fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìn, pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mi ò fẹ́. Èéfín tí EGR ń dá padà máa ń kó dúdú sínú ọ̀nà atẹ́gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dí i, kóòdù míì á tún máa yọ, iná á máa tàn lójoojúmọ́, ojú yín á wá mọ́ ọn lára, ọjọ́ tí iná gidi bá tàn ẹ ò ní kà á sí. Kó fọ̀ ọ́ ló dáa. Ó fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, Adó-Èkìtì sí Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n wa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti iṣu fún wa, inú mi dùn sí ẹrù náà torí mọ́tò tó ṣófo ò lè fi òótọ́ hàn lórí òkè. Láti Arámọ̀kọ lọ mo fi fóònù sójú nọ́ńbà, àbúrò mi ló ń kà á fún mi kí ojú mi lè wà lọ́nà. Níbi tó ga jù lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n, mo tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gíà kẹta: MAP 214, réèlì 122,000, kò sí èéfín, kò sí iná. Ó ń fà bó ṣe yẹ kó fà. A dúró ní Iléṣà kí bàbá, a fún wọn ní iṣu, wọ́n tẹ pọ́ǹpù fíítà fúnra wọn, wọ́n tú ìdí ẹ̀ wò, dísù mímọ́ ló jáde. Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, síkánà ò rí kóòdù kankan, kò tiẹ̀ sí èyí tó ń dúró láti yọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbàdàn

Mo gbé ike ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí ilé epo yẹn, omi ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, dísù wà lókè. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo gbé e ka orí tábìlì máníjà, mo ní "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ohun tí fíítà wa tú jáde ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí a gbéra nìyí." Ó wò ó títí, ó dìde, ó ní ká jọ lọ síbi táńkì abẹ́ ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ wọn gbé ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wọn dísù wá, wọ́n fi ìpara kan tó máa ń yí àwọ̀ tó bá kan omi pa ẹsẹ̀ ọ̀pá náà, àwọ̀ ilẹ̀ ni ìpara náà nígbà tí wọ́n pa á. Wọ́n tì í bọ táńkì, wọ́n fà á jáde. Ó ti pupa láti ìdí ọ̀pá dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́ mi lóòró. Máníjà ní òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gba ojú ìdérí wọlé. Wọ́n ti pọ́ǹpù dísù yẹn pa kí n tó kúrò níbẹ̀, ó sì gba nọ́ńbà mi pé òun máa san owó fíítà àti iṣẹ́ bàbá Iléṣà.